Iná Ló Ń Gba Ọpẹ́

Èmi ni mo ti ẹsẹ̀ ọmọ ọmọ mi bọ iná. Mo fẹ́ kí gbólóhùn yẹn ṣáájú, nítorí láti ìgbà tó ti ṣẹlẹ̀ ni àwọn ará ilé ti ń bá mi yí i po. Wọ́n á ní, "Iná ló jó ọmọ." Wọ́n á ní, "Omi gbígbóná ló dà sí i lẹ́sẹ̀." Iná kì í dédé dìde lọ bá ọmọ ọdún méjì níbi tó wà. Ọwọ́ mi méjèèjì ni mo fi gbé e lọ síbẹ̀, mo sì di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

Inísà ni mo fi ṣe ilé. Òkukù ni wọ́n bí mi sí. Ọkọ ló gbé mi wá síbí. Àbígbẹ̀yìn mi, ìyá ọmọ náà, ń ránṣọ ní Ìkìrun. Títì kan náà ló gba ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá, nítorí náà kì í ṣòro fún un láti gbé ọmọ sọ̀ sọ́dọ̀ mi kó tó lọ síbi iṣẹ́. Iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo ti kọ́ ọmọ ilé ìwé ní ìmọ́tótó. Mo ti kọ́ wọn ní ogun Jálumi tí wọ́n jà ní Ìkìrun lọ́dún 1878, mo sì lè ka àwọn tó dojú kọ Ìbàdàn nínú ogun náà lójú oorun. Ohun tó yẹ kí ènìyàn ṣe láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta tí gìrì bá mú ọmọ, n kò mọ̀ ọ́n. Èyí tó wá burú jù ni pé ó dá mi lójú pé mo mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ gbé e wá láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ní, "Màámi, ara rẹ̀ gbóná lóru o. Mo ti fún un ní parasítámọ́ọ̀. Bó bá tún gbóná, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí, ká lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò." Mo ní kó máa lọ jàre. Ọmọ mẹ́rin ni mo bí tí mo sì tọ́. Ṣé ibà ọmọdé ni ẹnì kan fẹ́ wá kọ́ mi lọ́jọ́ ogbó mi? Bó ṣe kẹ́yìn sí wa báyìí ni mo wọ súwẹ́tà fún ọmọ, mo sì fi ìbora wé e kó lè làágùn. Òógùn ni àwa gbà pé ó ń lé ibà jáde. Nígbà tó yá, ara rẹ̀ gbóná débi pé mo mọ̀ ọ́n lára láti orí aṣọ. N kò pe ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí oòrùn ń gòkè, ó ní òun kò fẹ́ ìbora mọ́, ó jókòó sórí ẹní, ó ń fi ṣíbí lu abọ́ onírin. Mo kọ ẹ̀yìn sí i, mò ń ṣa ẹ̀wà. Ẹ̀ẹ́dú ti ràn nínú ààrò lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Ariwo abọ́ dákẹ́. Mo rò pé oorun ló gbé e lọ. Ìgbà tí mo máa yíjú padà, ó ti ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ojú ti yí sókè, kìkì funfun ló kù. Apá àti ẹsẹ̀ ń já pàtìpàtì. Eyín pa dé gbọin-gbọin, itọ́ ń hó ní igun ẹnu, ètè sì ti ń yí padà sí àwọ̀ aró.

Mo figbe ta. "Ẹ gbà mí o! Gìrì ti gbé e o!" Ilé agboolé ni tiwa, ènìyàn kì í dá kígbe níbẹ̀. Kí n tó pe ọmọ náà lórúkọ lẹ́ẹ̀kẹta, yàrá ti kún. Ọ̀kan ti ń fi àdí pa á láti orí dé ẹsẹ̀. Ọ̀kan ń béèrè alùbọ́sà tí òun yóò fún sí i lójú. Òmíràn gbé ṣíbí tí ọmọ fi ń ṣeré lẹ́ẹ̀kan, ó fi ìdí rẹ̀ ya eyín rẹ̀ kó má baà gé ahọ́n jẹ, mo sì gbọ́ ìró nígbà tí eyín iwájú kan dá. Èmi ń tú àpótí mi. Ìgò kan ni mò ń wá.

Ẹni tó bá dàgbà sí agbègbè wa mọ ìgò tí mò ń wí. Ìtọ̀ màálù ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n á fi ewé tábà sí i, wọ́n á fi efinrin, ààyù, alùbọ́sà, omi òroǹbó wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ òkúta sí i, wọ́n á wá dé e títí yóò fi kan. Àbúrò mi obìnrin ní Òkukù ló bá mi pò ó nígbà tí wọ́n bí ọmọ náà, ó ní kí n fi pamọ́ de ọjọ́ gìrì. Ọjọ́ gìrì dé, n kò rí i. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń tú aṣọ dànù nínú àpótí tí ẹnì kan fi kígbe lẹ́yìn mi pé, "Tíṣà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tutù o! Ẹ fi yá iná!"

Mo gbé ọmọ.

Ẹni tí kò bá mọ̀ lè rò pé ìkà ni wá. Ohun tí àwọn àgbà wa gbà ni pé ọmọ tí gìrì mú ti wà lójú ọ̀nà, ó ń lọ, ohun tó bá sì dùn ún dé egungun ló lè pè é padà. Ẹsẹ̀ tó tutù sì jẹ́rìí sí i lójú wa pé ó ti ń lọ lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀sì kan wá sọ fún mi pé bí ibà bá ń gun ọmọ, ẹ̀jẹ̀ a máa fà sẹ́yìn kúrò ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lọ sí àárín ara, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo na àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sí ẹ̀ẹ́dú. N kò ní parọ́ pé ooru lásán ló fẹ́ sí i. Nígbà tí kò fà á padà bí mo ṣe fẹ́ kó ṣe, mo tún sún un mọ́ ọn. Ìgbà náà ni gìrì dúró. Ó mí kanlẹ̀, ó sì ké. Ariwo ayọ̀ sọ nínú ilé: "A dúpẹ́ o! Olúwa ò ní jẹ́ ká fi ojú sunkún ọmọ!" Ẹnì kan ti dá orin. Èmi náà dúpẹ́. Mo gbé e mọ́ àyà, mò ń ki í ní oríkì rẹ̀, mo sì rò pé igbe ìyè ni igbe tó ń ké. Ìyá ẹlẹ́kọ ilé kejì ló kọ́kọ́ wo ìsàlẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, ẹ wo ẹsẹ̀ ọ̀tún."

Awọ ti bó lábẹ́ gbogbo ìka.

Mo tún wá ṣe àṣìṣe mìíràn lé ti àkọ́kọ́. Omi wà nínú àmù, omi wà nínú kẹ́ẹ̀gì. Ká ti máa da omi tútù lásán sí ojú iná náà fún ogún ìṣẹ́jú, ká fi aṣọ mímọ́ bò ó, ká máa lọ: gbogbo ohun tí ẹsẹ̀ yẹn ń béèrè kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹyin tútù la fọ́ sí i. Nígbà tó gbẹ, a fi ọṣẹ ìfọyín lé e nítorí ó máa ń tutù lára. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní láti họ ẹyin àti ọṣẹ náà kúrò díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n tó lè rí bí egbò ṣe jìn tó. Wọ́n ní kí n bá wọn di ẹsẹ̀ náà mú. Ọmọ mi ní rárá, ó ti mi sẹ́yìn, ó sì di í mú fúnra rẹ̀.

Òṣogbo ni wọ́n gbé wa lọ. Dókítà wo ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ béèrè. Ó ní, "Ìṣẹ́jú mélòó ni gìrì náà gbà?" Kò sẹ́ni tó mọ̀. Yàrá kún fún àgbà, aago wà lára ògiri, fóònù wà lọ́wọ́ wa, kò sẹ́ni tó wo ọ̀kankan. Èmi sọ pé yóò tó ìdajì wákàtí. Ìyá ẹlẹ́kọ tó bá wa wá ní bẹ́ẹ̀ kọ́: ògì tí òun ń rò lórí iná kò tíì ki nígbà tí òun gbọ́ igbe, kò sì tíì jóná nígbà tí òun sáré padà lọ gbé e sọ̀. Dókítà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní aago ìyá yìí dára ju ti tíṣà lọ, ìṣẹ́jú bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin nìyẹn.

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ibà wà níbẹ̀. Dókítà wá jókòó, ó ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń kọ́ ọmọ kíláàsì kìíní, ó sì tọ́ sí mi. Ọmọ tó bá wà láàárín oṣù mẹ́fà sí nǹkan bí ọdún márùn-ún, ọpọlọ rẹ̀ kò tíì gbó. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, gìrì lè mú un. Èyí tó pọ̀ jù nínú irú gìrì yìí kì í pé ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi ń dúró fúnra rẹ̀, kì í sì í ba ọpọlọ jẹ́. Nínú ọmọ mẹ́ta tí irú gìrì yìí bá mú, yóò tún mú ọ̀kan. Àwọn òyìnbó náà ń rí i lára ọmọ tiwọn, bí ọmọ méjì sí márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n ènìyàn kò lè fi ojú lásán mọ èyí tó rọrùn yàtọ̀ sí èyí tí ibà ti wọ inú ọpọlọ, tàbí èyí tí àrùn lọ́rùnlọ́rùn fà, tàbí ti ọmọ tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti já wálẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọmọ tí gìrì mú fi gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn, bó tilẹ̀ jí tó ń rẹ́rìn-ín. Nínú ikú mẹ́wàá tí ibà ń fà lágbàáyé, bíi mẹ́ta ló ń ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ni n kò lè gbé mì: ì bá dúró fúnra rẹ̀.

Gìrì mú àkọ́bí mi nígbà tó wà ní ọwọ́. A yá a níná díẹ̀, ó dúró. Ó mú ẹ̀kẹta. A fi àdí àti àgbo, ó dúró. Èmi fúnra mi, ìyá mi sọ fún mi títí ó fi kú pé iná ló gbà mí. Ẹ̀rí ta ni mo tún ń wá? Àṣé bí gìrì bá máa lo ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó lọ, ohunkóhun tí ọwọ́ wa bá ń ṣe ní ìṣẹ́jú kẹta ni yóò gba ọpẹ́. Ká ní àtẹ́wọ́ là ń pa yí ọmọ ká ni, àtẹ́wọ́ ni à bá máa fi jẹ́rìí títí dòní. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ronú kan àwọn tí kò jí. Mo mọ̀ ju ẹyọ kan lọ nígbà tí mo wà léwe ní Òkukù. Ti àwọn yẹn, a ní wọn kò tètè yá a níná. A ní àbíkú ni. A ní ayé ló ṣe é. Mo wá a títí, n kò rántí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni sọ pé iná ló jẹ̀bi, tàbí ìgò.

Ìgò náà, mo padà lọ ka nípa rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, D. D. O. Oyebola wà lára wọn, yẹ àgbo ìtọ̀ màálù wò dáadáa, nítorí àwọn ọmọ tí wọ́n ń gbé dé ilé ìwòsàn láìmọ ara wọn lẹ́yìn tí wọ́n ti mu ún. Ó ń já ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Ó ń dín èémí kù. Tábà inú rẹ̀ lè fa gìrì fúnra rẹ̀. Ọmọ tí gìrì ì bá fi sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ bu ìyẹn sí i lẹ́nu nígbà tí kò lè gbé nǹkan mì, ẹ wo ibi tó máa gbà lọ. Nígbà tí mo sọ fún ọmọ mi pé mo wá ìgò náà tì lọ́jọ́ náà, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní òun ti dà á sí kòtò láti ọjọ́ pípẹ́, òun kò sọ nítorí òun kò fẹ́ ìjà. Ìwà tí ǹ bá pè ní àfojúdi ló gba ọmọ náà lọ́wọ́ mi.

Ibà tó gbé wa dé Òṣogbo ti kúrò lára rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ẹsẹ̀ ló gbà wá lóṣù. Wọ́n bu awọ itan rẹ̀ lẹ̀ ẹ́. Ìka méjì tó lẹ̀ pọ̀, wọ́n ní láti là wọ́n. Mo ta ilẹ̀ tí mo fi owó ìfẹ̀yìntì rà. Ó ń rìn, ó ń sáré, ó ń gbá bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọ̀tún kéré sí ti òsì, nítorí náà bí wọ́n bá fẹ́ ra bàtà fún un, bàtà méjì ni ìyá rẹ̀ ń rà, ìwọ̀n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, á wá mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Àwọn ẹyọ tó ṣẹ́kù wà nínú àpò kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀ ní Ìkìrun. Kò bá mi jà rí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ì bá rọ̀ mí lọ́rùn ká ní ó bá mi jà.

Gìrì tún mú un lẹ́ẹ̀kan sí i, èmi náà sì wà níbẹ̀. Ilé wọn ní Ìkìrun ni. Ìyá rẹ̀ gbé e sórí ẹní ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ kí itọ́ lè ṣàn jáde, ó gbé àpótí ìjókòó kúrò nítòsí orí rẹ̀, ó bọ́ bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀, ó tẹ aago inú fóònù. Ìyẹn náà ni gbogbo rẹ̀. Kò dì í mú pé kó má gbọ̀n, kò ki nǹkan kan sí i lẹ́nu, ìka rẹ̀ pàápàá. Mo ti dìde. Láìwo ojú mi, ó ní, "Màámi, ẹ jókòó lórí ọwọ́ yín." Mo jókòó lórí ọwọ́ mi, bí ọmọ tó ṣẹ̀ níléèwé. Kí aago náà tó ka ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó ti dúró. Ọmọ hanrun, ó sùn. Kò fún un lómi títí ó fi lajú tó sì dá a mọ̀, lẹ́yìn náà ni a gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Ká ní ó kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún ni, a kì bá dúró dè é. Lójú ọ̀nà ni à bá wà, nítorí oògùn tó ń dá irú èyí dúró wà lọ́wọ́ dókítà.

Mo ti wá ń sọ ọ́ ní ìpàdé àwọn ìyá, bí wọ́n bá gbà mí láàyè. Kì í ṣe gbogbo wọn ló fẹ́ gbọ́. Ọ̀kan ní, bó bá wá gé ahọ́n ara rẹ̀ jẹ ńkọ́? Mo ní ahọ́n máa ń jinná, kò sì sẹ́ni tó lè gbé ahọ́n ara rẹ̀ mì. Eyín tí a bá dá tó bá gba ọ̀nà èémí lọ ni kí wọ́n bẹ̀rù. Òmíràn ní, tí ọmọ bá mu kẹrosíìnì, ṣé ká má fún un lépo pupa náà? Mo ní kí wọ́n má fún un lépo, kí wọ́n má sì jẹ́ kó bì, torí ìgbà tí kẹrosíìnì bá ń padà bọ̀ ló tún ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Kí wọ́n gbé ọmọ àti ìgò lọ sílé ìwòsàn. Ìyá àgbà kan bínú sí mi gan-an. Ó ní, "Ṣé àwọn ìyá wa ò gbọ́n ni?" Mo ní ìyá mi gbọ́n jù mí lọ. Kò ní aago ni.

Ìbéèrè tó jẹ́ ìbéèrè lójú mi wá láti ẹnu ọmọge kan tó gbé ọmọ pọ̀n. Abúlé tí wọ́n ń gbé jìn sí Òkukù díẹ̀. Ó ní, "Tó bá jẹ́ aago kan òru ńkọ́, Màámi? Tí kò sí mọ́tò?" Mo ní kó fi ọmọ náà fẹ̀gbẹ́ sùn lápá rẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ kọ sísàlẹ̀, kó lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé tó bá sún mọ́ ọn jù, torí oògùn ibà kan wà tí wọ́n ń pè ní artesunate, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí, ìdí ni wọ́n ń kì í sí fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà tí kò lè gbé nǹkan mì, kí wọ́n tó gbé e lọ síbi tó tóbi. Kó lọ bi wọ́n lójú mọ́mọ́ bóyá wọ́n ní in. Kó sì gba nọ́ńbà ọlọ́kadà kan tó ń sùn nítòsí, kó tó di ọjọ́ tí yóò wá a.

Ó ní, "Ọlọ́kadà tiwa, tí aago mẹ́sàn-án bá ti lù, ó ti yó."

Gbogbo ìpàdé rẹ́rìn-ín. Mo ní kó wá ẹlòmíràn. Ìyá ẹlẹ́kọ ní kó kọ ti ọmọ òun sílẹ̀, kì í fẹnu kan ọtí, ọ̀nà abúlé yẹn ló sì ń ná. Ó ń pe nọ́ńbà náà jáde ní ìkọ̀ọ̀kan, àwọn tó kù náà ń yọ fóònù.